Lífítì Òpó Méjì, Òpó Mẹ́rin Tàbí Oníṣísọ́ọ̀sì: Èwo Ló Bá Ọgbà Ilé Yín Mu ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ẹni tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń wakọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìlọrin lemọ́lemọ́, á ti mọ ohun tí ojú bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, búṣì àti ṣọ́ọ̀kì ń rí lójú ọ̀nà wa. Èèyàn kì í dúró lókè wo àwọn nǹkan wọ̀nyí. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n wà, abẹ́ ọkọ̀ náà la sì gbọ́dọ̀ wọ̀ ká tó mọ èyí tó ti jẹ. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn láti máa tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí tó ní ọkọ̀ mẹ́ta mẹ́rin tí mẹkáníìkì ń wá ṣe nínú ọgbà, bó pẹ́ bó yá, ọ̀rọ̀ lífítì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé odindi ọkọ̀ sókè, á délẹ̀.

Bí wọ́n bá bi mí léèrè èwo ni kí àwọn rà, èsì mi kì í yí padà: ẹ má tíì béèrè owó. Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ẹ máa gbé e kà, ẹ wo òrùlé tó wà lókè ibẹ̀, kí ẹ sì wo irú iná tó ń wọ ilé yín. Àwọn mẹ́ta yìí ló máa yan lífítì fún yín. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kó tó wo ilẹ̀, ẹrù ló gbé wálé.

Ẹni tí kò nílò rẹ̀

Bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì, páàdì bíréèkì àti táyà nìkan ni ẹ ń pààrọ̀, ẹ má náwó yín sórí lífítì. Jáàkì onítáyà tó lè gbé tọ́ọ̀nù 3 àti stáǹdì irin mẹ́rin, lórí kọnkéré tó tẹ́jú, ti tó yín. Stáǹdì irin ni mo wí o. Búlọ́ọ̀kù tí àwọn kan fi ń ró ọkọ̀ kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń túká, ẹni tó sùn sábẹ́ ọkọ̀ kò sì ní ráyè yọ orí.

Kòtò ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, inú kòtò ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, mi ò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tó fi iṣẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Kòtò kò wọ́n, kò nílò iná, bíríkìlà àdúgbò á gbẹ́ ẹ, á sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lífítì. Nínú kòtò, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì wà nílẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè yọ táyà, ẹ kò sì lè mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti jẹ. Iṣẹ́ tí ọ̀nà wa ń fún wa ṣe jù lọ gan-an ni kòtò kò lè ràn wá lọ́wọ́ dáadáa fún.

Èyí tó burú jù ni afẹ́fẹ́ epo. Oru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ; bí epo bá ń kán láti ara táǹkì tàbí páìpù, oru rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, á dúró síbẹ̀. Gílóòbù tó fọ́ lọ́wọ́ yín tàbí iná tó ta láti ẹnu wáyà ti tó láti dá jàǹbá sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, èéfín rẹ̀ náà á kóra jọ síbẹ̀, èéfín yìí a sì máa pa èèyàn láìjẹ́ pé ó gbóòórùn ohun tó ń pa á. Lẹ́yìn náà ni ti omi. Ẹ wo kànga tó sún mọ́ yín jù ní oṣù September, bí òjò bá ti mu ilẹ̀ yó. Bí omi rẹ̀ bá ti sún mọ́ ojú ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni kòtò yín á máa di odò. Ti ọmọdé àti ewúrẹ́ tó lè já sí i, ẹ mọ ìyẹn. Mi ò ní gba ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé nímọ̀ràn kó gbẹ́ kòtò.

Òpó méjì àti òpó mẹ́rin

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí, torí àwọn méjèèjì yìí ni èèyàn sábà máa ń ṣiyè méjì lé lórí.

Lífítì òpó méjì, apá mẹ́rin ló ní, méjì méjì lára òpó kọ̀ọ̀kan. Apá wọ̀nyí ló ń wọ abẹ́ ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá so rọ̀. Ẹ lè yọ táyà, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, búṣì. Ẹ lè sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀. Kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́ láàárín. Fún àtúnṣe, kò sí èyí tó tó o. Kì í gba àyè púpọ̀ náà: láti ẹ̀yìn òpó kan dé ẹ̀yìn èkejì, bíi ẹsẹ̀ bàtà 11 sí 12 ni, bí kò bá sì sí ọkọ̀ lórí rẹ̀, ẹ lè gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ti òpó mẹ́rin yàtọ̀. Ẹ ó wa ọkọ̀ gun pèpéle irin méjì, táyà á dúró lórí wọn, gbogbo rẹ̀ á sì gbéra pọ̀. Kò sí pé ẹ ń wá ibi tí apá máa ti dì í mú, ẹ̀rù kì í sì í ba ẹni tó kọ́kọ́ ń lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò pọn dandan kí a fi bóòtì dè mọ́lẹ̀, nítorí náà ayálégbé lè tú u kó lọ bó bá ń kó kúrò. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju àyè lọ lè gbé ọ̀kan sókè, kó wa èkejì sábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ táyà ṣì wà lórí irin. Kí ẹ tó lè yọ ọ́, ẹ ní láti ra jáàkì mìíràn tó ń rìn láàárín pèpéle méjèèjì, owó ọ̀tọ̀ sì nìyẹn. Gígùn rẹ̀ náà ju ti òpó méjì lọ: ẹ fọkàn sí ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 18, yàtọ̀ sí ibi tí ọkọ̀ máa gbà wọlé.

Ìdájọ́ tèmi: ẹni tó fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe, kó ra òpó méjì, ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ pamọ́, tàbí tí kò ní ju ká pààrọ̀ ọ́ìlì àti sàléńsà lọ, kó ra òpó mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tajà sọ fún yín pé ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì dọ́gba.

Ewu òpó méjì wà níbi tí a ti ń gbé apá sí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọkọ̀ bíi Corolla àti Camry ní etí irin kan tó gùn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tọ etí náà, lẹ́yìn táyà iwájú àti níwájú táyà ẹ̀yìn, ọwọ́ yín á kan ibi tí wọ́n ti gé e wọlé díẹ̀ ní ọ̀gangan méjì tó sún mọ́ra. Àárín méjèèjì ni rọ́bà orí apá gbọ́dọ̀ bà. Bí ẹ bá gbé e sí ibòmíràn, irin á tẹ̀ tàbí kí ó wọ inú. Hilux àti àwọn ọkọ̀ tó dúró lórí ṣáàsì, ṣáàsì gan-an la máa ń gbé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹsẹ̀ àfikún tó bá lífítì wá. Tòkunbọ̀ tó wá láti Kánádà tàbí apá ibi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà tún ní ìṣòro tirẹ̀: iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì wọn nígbà òtútù, iyọ̀ náà sì ń jẹ etí irin yìí. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án kí ẹ tó gbé e. Bí irin tó ti dógùn-ún bá ń já bọ́ ní ìpele ìpele, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ yẹn níbẹ̀.

Ti ìwúwo kò nira. Corolla, bíi tọ́ọ̀nù 1.3, Camry, bíi 1.5, Sienna sún mọ́ 2, Land Cruiser ńlá lè kọjá 2.5. Lífítì tọ́ọ̀nù 4 gba gbogbo wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni pé apá mẹ́rin ló pín tọ́ọ̀nù 4 náà, ìyẹn ni pé tọ́ọ̀nù 1 péré ni ẹ̀tọ́ apá kọ̀ọ̀kan, iwájú ọkọ̀ wa sì ni ẹ́ńjìnnì wà. Ìdí nìyí tí mi ò fi fọwọ́ sí lífítì tọ́ọ̀nù 2.5 tàbí 3 fún ẹni tó ní jíìpù. Bákan náà, bí ẹ bá sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wà lókè, ìwúwo á ṣí sẹ́yìn lójijì, ọkọ̀ sì lè yí. Ẹ gbé stáǹdì gíga sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó tú bóòtì kankan.

Oníṣísọ́ọ̀sì, fún òrùlé tó kéré

Èyí ni ti àwọn tí òrùlé wọn kò ga. Pẹlẹbẹ ló sùn sílẹ̀, irin rẹ̀ á ṣí bíi ṣísọ́ọ̀sì, á gbé ọkọ̀ dé bíi mítà kan, ẹ ó jókòó lórí àpótí ṣiṣẹ́. Ó dára gan-an fún táyà, bíréèkì àti fífọ abẹ́ ọkọ̀, bí ẹ bá sì parí, ẹ lè wa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló wà láàárín abẹ́ ọkọ̀, nítorí náà gíábọ́ọ̀sì àti sàléńsà máa ń ṣòroó dé.

Òrùlé

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi gíga ọkọ̀ yín kún gíga tí ẹ fẹ́ kí táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Sienna ga tó bíi mítà 1.75, bí ẹ bá fẹ́ dúró tààrà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e tó mítà 1.8. Ó ti di 3.55, ẹ kò sì tíì fi àlàfo kankan sílẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí àjà rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà 9 tàbí 10, mítà 3 ló pọ̀ jù. Kò lè gbà á.

Ohun tó sàn jù ní ọgbà wa ni kí ẹ fi páìpù irin àti páànù kọ́ ilé ọkọ̀ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kó ga tó mítà 4. Bó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni ẹ fẹ́ lò, ẹ ka bíi ìlà 16. Kí ẹ tún béèrè bóyá lífítì òpó méjì náà ní irin ìdábùú lókè tàbí ìbòrí nílẹ̀ fún wáyà onírin tó so òpó méjèèjì pọ̀. Èyí tó ní irin lókè fi ilẹ̀ sílẹ̀ gbalasa, ẹ lè ti jáàkì gíábọ́ọ̀sì kọjá láìsí ìdíwọ́, àmọ́ òrùlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga sí i. Èyí tí wáyà rẹ̀ gba ilẹ̀ kéré lókè, ṣùgbọ́n irin pẹlẹbẹ kan á wà lẹ́sẹ̀ yín lójoojúmọ́. Bí àyè bá wà lókè, mo fara mọ́ èyí àkọ́kọ́.

Ilẹ̀: ẹ má gbà á ní kékeré

Lórí íńtálọ́ọ̀kì, rárá. Lórí táìsì, rárá. Lórí German floor tí wọ́n dà nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, ó kù síbi tó nípọn dé. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe lífítì òpó méjì sábà máa ń béèrè kọnkéré tó nípọn tó ínǹṣì 4 ó kéré tán, àwọn mìíràn béèrè 6, agbára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó bíi 20 MPa. Èyí tó wà nínú ilé wa, ó lè má ju ínǹṣì 2 tàbí 3 lọ, yanrìn rẹ̀ sì lè pọ̀ ju sìmẹ́ǹtì lọ.

Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ lu ihò kan tó lè gba ìka ọwọ́ sí ibi tí òpó máa dúró sí. Ẹ tẹ orí wáyà líle kan bí ìkọ́, ẹ tì í bọ inú ihò náà títí á fi kọjá kọnkéré, ẹ wá fà á sókè títí ìkọ́ á fi há sí etí ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka di wáyà mú níbi tó bá ojú ilẹ̀ mu, ẹ yọ ọ́, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bó bá dín sí ínǹṣì 4, ẹ gé ibẹ̀ jáde.

Bí mo bá ń da tuntun, èmi ò kí ń ṣe ahun lórí èyí. Ẹ wú ilẹ̀ dúdú kúrò títí ẹ ó fi bá ilẹ̀ pupa tó le, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kọnkéré ínǹṣì 6 fún gbogbo ibẹ̀, kí abẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4. Irin 12 mm, àlàfo ínǹṣì 8, lọ́tùn-ún lósì. Àpòpọ̀ rẹ̀: sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n kan, yanrìn kan àbọ̀, òkúta gíráníìtì mẹ́ta, omi níwọ̀nba. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fẹ́ kó ṣàn kó lè yá wọn láti tẹ́. Ẹ má gbà fún wọn, omi àpọ̀jù ló ń sọ kọnkéré di aláìlágbára. Ẹ máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ sì dúró di ọjọ́ 28 kí bóòtì kankan tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 28 yìí ni wọ́n máa ń fẹ́ fò. Bóòtì tó há mọ́ kọnkéré tútù kò di nǹkan kan mú.

Iná

Mọ́tò lífítì sábà máa ń jẹ́ 2.2 kW, ìyẹn ẹṣin mẹ́ta. Méjì ló wà: èyí tó ń lo fáìsì kan, 230 V, àti èyí tó ń lo fáìsì mẹ́ta, 400 V. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní fáìsì mẹ́ta lè rò pé òun ti bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí: fíúsì kan á jó lára tiransifọ́mà, fáìsì kan á lọ, méjì tó kù á wà, onílé á sì yí ti ilé rẹ̀ sí èyí tó ní iná. Mọ́tò fáìsì mẹ́ta kò mọ èyíinì. Bí ọ̀kan bá ti lọ, á máa hùn, á gbóná, á jó. Bí ẹ bá máa lò ó, ẹ fi rìléè tó ń pa iná fúnra rẹ̀ nígbà tí fáìsì bá ku méjì sí i. Fún ilé púpọ̀ nílùú wa, fáìsì kan ni mo máa yàn.

Fáìsì kan náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Wáyà tó dá dúró láti bọ́ọ̀dù, 4 mm², tàbí 6 bí ibẹ̀ bá jìnnà sílé, pẹ̀lú bíríkà tirẹ̀. Ẹ fi mítà wọn iná nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lò ó. Bó bá ti já wálẹ̀ sí 170, ẹ má tẹ bọ́tìnnì, kàpásítọ̀ àti mọ́tò ló máa san án. Jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé e gbọ́dọ̀ tó 5 kVA, torí ohun tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń gbéra ju ohun tó ń lò lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. I better pass my neighbour kò lè ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ ìdí tí jẹnẹrétọ̀ kì í fi í ṣe fàájì. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí lọ́ọ̀kì irin, kó má baà jẹ́ ọ́ìlì nìkan ló dì í mú. Ó dára bẹ́ẹ̀, bó sì ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́ọ̀kì kì í tú bí ìwúwo bá wà lórí rẹ̀. Ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, bíi ínǹṣì 2, kí ẹ tó fa okùn rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, tí kò sí jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ yín á wà lókè títí wọ́n á fi mú un dé, ì báà jẹ́ ọ̀la ni ẹ fẹ́ rìnrìn àjò. Ẹ tún yan lọ́ọ̀kì tí a ń fi ọwọ́ fà, ẹ má yan èyí tó jẹ́ pé iná ló ń ṣí i.

Tuntun àti tòkunbọ̀

Tòkunbọ̀ láti Yúróòpù lè jẹ́ irin tó dáńgájíá ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, mo gbà. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ kì í lo ọ́ìlì. Ọ̀pá oníṣúkúrù gígùn ló ń yí nínú òpó, nọ́ọ̀tì bàbà ló sì ń gbé apá gòkè. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì yìí ni nọ́ọ̀tì ààbò kan wà tí kò ru nǹkan kan. Àlàfo wà láàárín méjèèjì. Bí nọ́ọ̀tì tó ń ru ẹrù bá ṣe ń jẹ, àlàfo náà á máa kéré sí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú òpó kí ẹ wò ó. Bí méjèèjì bá ti fẹ́ kanra, nọ́ọ̀tì ti parí, bí ẹ kò bá sì rí òmíràn rà, ẹ fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Fáìsì mẹ́ta ló sábà máa ń lò pẹ̀lú.

Ti ọ́ìlì rọrùn láti tún ṣe níhìn-ín. Hóòsì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti típà àti fọ́kílífítì, ẹni tó ń tún ìyẹn ṣe á lè bá yín tẹ orí rẹ̀. Ohun tí ẹ máa wò ni wáyà onírin tàbí ṣéènì, ojú ọ̀pá sílíńdà bóyá nǹkan ti ha á, àti ìdí òpó bóyá wọ́n ti wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rí. Wáyà tí okùn rẹ̀ ti ń já jáde, pààrọ̀ ni.

Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ má fi sítíkà CE (àmì pé ọjà bá òfin Yúróòpù mu) nìkan tẹ́ ara yín lọ́rùn, ẹnikẹ́ni lè tẹ sítíkà. Ẹ béèrè ìwé tó dárúkọ EN 1493, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe lífítì ọkọ̀ ní Yúróòpù. Tó bá jẹ́ pé àmì ALI (Automotive Lift Institute), ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe lífítì ní Amẹ́ríkà, ló wà lára rẹ̀, wọ́n ní àkójọ tí ẹ lè yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo bóyá irú tí wọ́n ń tà fún yín wà níbẹ̀. Lífítì tí kò ní ìwé ìtọ́ni, mi ò ní rà á ní iyekíye.

Gbígbé e kalẹ̀

Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí òpó méjèèjì máa wà, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun kó lè dọ́gba, kí ihò bóòtì sì jìnnà tó ínǹṣì 6 sí etí kọnkéré tàbí ojú ibi tó ti sán. Ẹ gbé òpó dúró, ẹ fi lẹ́fẹ̀ẹ̀lì wò ó lọ́nà méjì. Bí kò bá dúró gbọnrangandan, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé fún un ni a ń fi sábẹ́, kì í ṣe pákó. Lẹ́yìn tí ẹ bá lu ihò, ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde, torí eruku kì í jẹ́ kí bóòtì di ògiri ihò mú. Sípánà oníwọ̀n ni kí ẹ fi fún un, dé iye tí ìwé ìtọ́ni sọ. Agbára apá kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ da ọ́ìlì sí i, ISO 32 tàbí 46 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó) bí ìwé bá ṣe sọ. Nínú ooru tiwa, bí wọ́n bá gba méjèèjì láàyè, 46 ni mo máa dà. Ẹ gbé e lọ sókè sódò lófìfo lẹ́ẹ̀melòó kan kí afẹ́fẹ́ jáde. Kí gbogbo èèyàn dákẹ́ nígbà yìí, kí ẹ tẹ́tí sí lọ́ọ̀kì. Ti òpó méjèèjì gbọ́dọ̀ dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá dún ṣáájú tí èkejì tẹ̀ lé e, apá kan ga ju èkejì lọ. Ẹ fún wáyà ìdọ́gba, ìyẹn wáyà onírin tó so òpó méjèèjì pọ̀, kó le títí ìró méjèèjì á fi di ọ̀kan.

Ọkọ̀ tó fúyẹ́ jù nínú ilé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ mì í láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Bí kò bá mira lórí apá, ẹ gbé e lọ sókè, kí ẹ sọ̀ ọ́ sórí lọ́ọ̀kì, kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi sípánà oníwọ̀n wo gbogbo bóòtì ìdí òpó, kí ẹ sì tún wò ó lóṣooṣù lẹ́yìn náà. Bóòtì tó bá ń tú lọ́pọ̀ ìgbà, kọnkéré abẹ́ rẹ̀ ló ti ń fọ́. Ẹ má gbé ọkọ̀ kankan mọ́ títí ẹ ó fi gé ibẹ̀, tí ẹ ó sì tún un dà.